Hummer bọ́ọ̀sì tó fì sí ọ̀tún lẹ́yìn ìpààrọ̀ sípíríǹgì ẹ̀yìn

Ọkọ̀: Toyota HiAce, ìran tó jáde ní 2004, èyí tó gùn jù nínú wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Hummer bọ́ọ̀sì. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù 2.7, sítíárì lápá òsì. Ẹ̀gbọ́n mi ló ni ín, Ìbàdàn sí Ìṣẹ́yìn ló ń ná. Sípíríǹgì bíléèdì, àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra, ló gbé ẹ̀yìn rẹ̀ dúró. Iwájú kò ní bíléèdì rárá, torsion bar ni wọ́n fi sí i: ọ̀pá irin gígùn kan fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tó ń lọ́ nígbà tí táyà bá gòkè, tó sì ń tú ara rẹ̀ padà nígbà tí táyà bá sọ̀. Ẹ mú ọ̀rọ̀ iwájú yìí dání, a máa nílò rẹ̀.

Sípíríǹgì ẹ̀yìn ti sùn pátápátá. Bí èrò bá ti kún, kò sí kòtò tí áàsù, irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, kò ní fi lu rọ́bà abẹ́ ṣáásí. Ẹ̀gbọ́n mi lọ ra méjì tuntun lọ́jà páàtì Aráròmí, ní Àgódì Géètì, orúkọ kan náà, nọ́ńbà kan náà lára méjèèjì. Mẹkáníìkì kan bá a dè é. Nígbà tí ọkọ̀ délé, ìdí rẹ̀ ti gòkè dáadáa lóòótọ́, àmọ́ ó fì sí apá ọ̀tún, apá ilẹ̀kùn èrò, bí ẹni tó wọ bàtà gogoro lẹ́sẹ̀ kan ṣoṣo.

Kò sẹ́ni tí kò ní ìmọ̀ràn. Dírẹ́bà ní ayédèrú ni wọ́n tà fún wa. Mẹkáníìkì ní, "Alàgbà, ọ̀rọ̀ yẹn ò le. Bíléèdì kan péré la máa fi kún ti ọ̀tún." Ẹlòmíì ní ká gé táyà àlòkù, ká fi há àárín áàsù àti ṣáásí. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń múra àtikó sípíríǹgì padà sí Géètì lọ bá ẹni tó tà á. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé e lọ. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n."

Ilẹ̀ kọ́kọ́, kó tó kan ọkọ̀

Ojú lásán kò lè sọ bóyá ọkọ̀ ló fì tàbí ilẹ̀. Bíríkìlà kan ń ṣiṣẹ́ lọ́ọ̀ọ́kán ilé wa, mo yá rọ́bà tó fi ń mú lẹ́fẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ rẹ̀, rọ́bà tó mọ́ gaara tí wọ́n máa ń rọ omi sí. Ẹ mú ẹnu kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà òsì, ẹ mú èkejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ọ̀tún, kí omi dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ wá wọn ibi tí omi dé ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Kọnkéré iwájú ilé wa tó dà bíi pé ó tẹ́jú yẹn, ó fi 0.9 sẹ̀ǹtímítà dà sí apá ọ̀tún níbi tí ọkọ̀ máa ń dúró sí. Mo wá ibòmíì nínú àgbàlá tí ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju 0.2 lọ, ibẹ̀ ni mo ti ṣe gbogbo ìwọ̀n tó kù. Mo tún yí ọkọ̀ kọjú síbi tó kẹ́yìn sí tẹ́lẹ̀, mo wọ̀n ọ́n padà. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ ló fà á, ẹ̀gbẹ́ tó fì sí ì bá yí padà. Kò yí padà. Ọkọ̀ ló fì.

Fọ́kànáísà ti bá wa fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tó wà níwájú dọ́gba pẹ̀lú ara wọn, èyí tó wà lẹ́yìn náà dọ́gba pẹ̀lú ara wọn. Ọkọ̀ ṣófo, kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ wọn gíga ọkọ̀, ẹ má wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀. Àárín wíìlì ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé téèpù gòkè tààrà sí etí bọ́dì tó yí táyà ká. Bẹ́ẹ̀ ni táyà tó jẹ tàbí tí atẹ́gùn rẹ̀ kò pé kò ní dá sí ìwọ̀n náà. Tí jáàkì bá sì ti gbé ọkọ̀ náà, ẹ wà á síwájú, ẹ wà á sẹ́yìn, kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n, torí táyà iwájú máa ń di ilẹ̀ mú nígbà tí wọ́n bá sọ ọ́ kalẹ̀, kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ jókòó síbi tó yẹ kó jókòó. Ọ̀pọ̀ ìwọ̀n tó ń da mẹkáníìkì láàmú, ibi tó ti ń wá nìyẹn.

Ohun tí mo rí, ní sẹ̀ǹtímítà:

Iwájú òsì 46.2, iwájú ọ̀tún 43.9.
Ẹ̀yìn òsì 51.0, ẹ̀yìn ọ̀tún 49.1.

Ẹ wo iwájú. Iwájú tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn ló fì jù. Ìyẹn nìkan kò tó láti dá sípíríǹgì láre, torí bọ́dì ọkọ̀ le, bí ẹ̀yìn bá ti fì, á fa iwájú lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó tó láti mú kí èèyàn dá ọwọ́ ìfowópadà dúró.

Sípíríǹgì tuntun lábẹ́ téèpù

Mo wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú kálípà, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ìnípọn. Iye bíléèdì ti òsì àti ti ọ̀tún bára mu. Ìnípọn wọn bára mu, láti orí èyí tó gùn jù dé èyí tó kúrú jù. Ìnípọn yìí kì í ṣe nǹkan tí èèyàn ń fojú fò, torí pé líle bíléèdì ń tẹ̀ lé ìnípọn tí wọ́n fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ gbé bíléèdì mìlímítà 7 sẹ́gbẹ̀ẹ́ mìlímítà 8, kí fífẹ̀ àti gígùn wọn dọ́gba: 7 lọ́nà 7 lọ́nà 7 jẹ́ 343, 8 lọ́nà 8 lọ́nà 8 jẹ́ 512. Mìlímítà kan péré ti sọ ọ́ di líle ní ìlọ́po kan àti ààbọ̀ bí ẹ bá ṣírò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí sípíríǹgì tòkunbọ̀ tí wọ́n tò pọ̀ láti ara ọkọ̀ méjì kì í fi dọ́gba láé, bí ojú tilẹ̀ rí i bí ìbejì.

Mo tún wo bóyá orí séntà bóòtù, èyí tó de àwọn bíléèdì pọ̀ láàárín, jókòó sínú ihò rẹ̀ lórí áàsù. Bí kò bá jókòó, yúbóòtù, bóòtù tó tẹ̀ bíi lẹ́tà U, á di sípíríǹgì mú lórí ìtẹ́ tí kò tẹ́jú, áàsù náà á sì lè yẹ̀. Ẹ̀rí rẹ̀ rọrùn: ẹ wọn àárín wíìlì iwájú sí àárín wíìlì ẹ̀yìn lápá méjèèjì. Ìwé Toyota ní mìlímítà 3110 fún èyí tó gùn yìí. Mo rí sẹ̀ǹtímítà 311.0 lápá òsì, 310.9 lápá ọ̀tún. Áàsù wà níbi tó yẹ kó wà.

Àwọn sípíríǹgì àtijọ́

Dírẹ́bà ti kó àwọn ti tẹ́lẹ̀ jọ sẹ́yìn ilé, ó fẹ́ tà wọ́n fún àwọn onípánti. A dúpẹ́ pé wọn ò tíì wá. Mo tẹ́ wọn sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ wọn, mo na òwú láti àárín ojú kan sí àárín ojú kejì, mo wọn bí ìkùn bíléèdì gígùn ṣe jìn sí òwú náà. Ti ọ̀tún 11.8. Ti òsì 9.1. Mo tún wọ̀n wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, òótọ́ ni: ti òsì ti fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ó dín díẹ̀ tẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ.

Kò yà mí lẹ́nu púpọ̀. Apá òsì ni dírẹ́bà jókòó sí, apá òsì náà ni àwọn ìjókòó méjìméjì wà. Apá ọ̀tún ni ọ̀nà tí èrò ń gbà kọjá, ìjókòó kéékèèké tí wọ́n ń ká ló wà níbẹ̀, àwọn yẹn ló sì ń kún kẹ́yìn. Ọdún ń gorí ọdún, apá òsì ń ru ẹrù ju ẹnì kejì rẹ̀ lọ.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀. Bí sípíríǹgì òsì bá ti tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ọkọ̀ ti máa fì sí òsì tipẹ́. Kò fì. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi, mo bi dírẹ́bà, àwọn méjèèjì ní ọkọ̀ tẹ́jú tẹ́lẹ̀, ó kàn ń sùn lẹ́yìn ni. Nǹkan mìíràn ní láti máa fa ọkọ̀ náà sí ọ̀tún ní gbogbo àkókò yẹn, tí àìlera sípíríǹgì òsì sì ń fà á padà sí òsì. Àbùkù méjì ló ń bo ara wọn láṣìírí. A mú ọ̀kan kúrò, èkejì wá yọjú.

Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́jọ́ fúnra rẹ̀

Ọ̀nà kan wà láti ya iwájú sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀yìn, kò gba ju jáàkì kan lọ. Bí áàsù ẹ̀yìn bá dá dúró lórí jáàkì kan ṣoṣo ní àárín gan-an, tí táyà ẹ̀yìn kò kan ilẹ̀, áàsù náà lè yí síbi tó bá wù ú, kò lè ti bọ́dì sí apá kankan mọ́. Ìfì tó bá ṣẹ́ kù, iwájú ló ni ín. Bẹ́ẹ̀ náà ni, bí ẹ bá gbé iwájú lé jáàkì kan lábẹ́ àárín irin tó dábùú ṣáásí, ẹ̀yìn nìkan ló kù tó ń pinnu.

Ìkìlọ̀ méjì. Ìkòkò jíà ẹ̀yìn lè má wà ní àárín gẹ́ẹ́, nítorí náà ẹ fi téèpù wá àárín láti táyà dé táyà. Èkejì, hándì búréèkì, táyà ẹ̀yìn ló ń dì mú. Bí wọ́n bá ti kúrò nílẹ̀, kò di nǹkan kan mú mọ́. Mo fi òkúta ńlá há táyà iwájú níwájú àti lẹ́yìn, mo sì gbé sítáàǹdì irin sábẹ́ ṣáásí lápá méjèèjì, tó fi díẹ̀ jìn sí i, kó lè gbà á bí jáàkì bá yẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ ọkọ̀ nígbà náà. Ìta lẹ ti máa wọ̀n ọ́n.

Pẹ̀lú jáàkì lábẹ́ áàsù ẹ̀yìn: iwájú òsì 46.9, iwájú ọ̀tún 43.3. Ìyàtọ̀ ti lọ láti 2.3 sí 3.6. Ìyẹn ni pé ẹ̀yìn ò fa ìfì náà, ṣe ló ń gbìyànjú láti dá a dúró.

Pẹ̀lú jáàkì lábẹ́ iwájú: ẹ̀yìn fi 0.7 péré ga lápá òsì ju ọ̀tún lọ.

Mo fi ìwé náà han ẹ̀gbọ́n mi. Ó wò ó títí, ó ní, "Ṣé ohun tí ò ń sọ ni pé sípíríǹgì tí mo rà kò ní ẹ̀ṣẹ̀?" Mo ní, "Ẹ̀ṣẹ̀ kékeré kan wà lẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi, àmọ́ kì í ṣe ti sípíríǹgì. Iwájú ló ni èyí tó pọ̀."

Búṣì tí wọ́n dè sókè

0.7 yẹn kọ́kọ́. Ojú sípíríǹgì àti ṣákù rẹ̀, irin kékeré tó so ẹ̀yìn sípíríǹgì mọ́ ṣáásí, ní búṣì rọ́bà nínú. Bí ẹ bá dè é pa nígbà tí ọkọ̀ wà lórí jáàkì, tí áàsù ń fì dirodiro, rọ́bà náà gbà pé ibẹ̀ ni ilé òun. Bí ọkọ̀ bá wá sọ̀ kalẹ̀, rọ́bà á lọ́, á sì máa ti sípíríǹgì padà sí ibi tí wọ́n dè é sí. Ọkọ̀ á ga ju bó ṣe yẹ lọ, rọ́bà náà kò sì ní pẹ́ tó fi máa ya. Bí wọ́n bá de ẹ̀gbẹ́ kan ní òkè, tí wọ́n wá de èkejì nígbà tí ọkọ̀ ti sọ̀ tán, gíga méjèèjì kò ní bára mu. Dírẹ́bà tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é jẹ́rìí sí i: òjò bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n parí ti òsì, wọ́n sọ ọkọ̀ kalẹ̀, wọ́n wá de ti ọ̀tún mọ́lẹ̀ nígbà tí òjò dá.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ná wa ní kọ́bọ̀. Pẹ̀lú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nílẹ̀, mo tú nọ́ọ̀tì búṣì iwájú sípíríǹgì àti ti ṣákù lápá méjèèjì, kì í ṣe pé mo yọ wọ́n, mo kàn jẹ́ kí wọ́n mí. Ti òsì dún "kàù" nígbà tó tú, ojú sípíríǹgì sì yí díẹ̀ lójú mi; mo ti fi ọ̀dà funfun fa ìlà kọjá lórí ojú sípíríǹgì àti ìdimú rẹ̀ kí n tó tú u, ìlà náà pín sí méjì, ó fi ìwọ̀n ọkà àgbàdo kan yẹ̀. Ti ọ̀tún kò mira. A wa ọkọ̀ síwájú sẹ́yìn, àwa méjì gun ìdí rẹ̀, a fò lórí rẹ̀ kó lè jókòó, mo sì dè wọ́n pa níbẹ̀, lórí ilẹ̀, bó ṣe yẹ kí wọ́n ti ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo tún gbé iwájú lé jáàkì, ìyàtọ̀ ẹ̀yìn ti di 0.1.

Ọkọ̀ ṣì fì, bí a ti retí: iwájú 2.0, ẹ̀yìn 1.6.

Torsion bar

Ẹ̀yìn ọ̀pá kọ̀ọ̀kan wọ inú apá irin kan, bóòtù gígùn kan ló sì ń ti apá náà. Ẹ dè é wọlé, ẹsẹ̀ yẹn á ga. Ẹ tú u jáde, á rẹlẹ̀. Kí n tó fọwọ́ kàn án, mo wọn bí ẹnu bóòtù ṣe yọ tó: ọ̀tún 7.1, òsì 7.2. Kò sẹ́ni tó ti yí wọn rí, ìpẹtà orí wọn náà sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pá ọ̀tún fúnra rẹ̀ ló ti rẹ̀. Mo gbà pé ọ̀nà ló fà á: apá ọ̀tún la ń gbà lọ nílùú yìí, etí títì tó ti jẹ àti ẹnu gọ́tà, táyà ọ̀tún ló ń jẹ ẹ́ ní gbogbo ìgbà tí dírẹ́bà bá yà gbé èrò. Mo kọ́kọ́ mi ball joint, oríkèé tó so wíìlì mọ́ apá irin tó dì í mú, àti búṣì apá irin ìsàlẹ̀ àti ti òkè wò lápá ọ̀tún, torí bí ọ̀kan nínú wọn bá ti lọ, fífi bóòtù gbé ọkọ̀ sókè kò yanjú nǹkan kan. Wọ́n le.

Bóòtù náà ti gan, mo da òróró tí wọ́n fi ń tú ìpẹtà sí i láṣàálẹ́, mo fi sílẹ̀ di àárọ̀. Ẹ má yí i nígbà tí ẹrù ọkọ̀ wà lórí rẹ̀. Ẹ gbé iwájú sókè kí ọ̀pá tú kúrò nínú ìlọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ fọ ojú ìlọ́ bóòtù mọ́, kẹ́ ẹ fi gíríìsì sí i, kẹ́ ẹ tú nọ́ọ̀tì tó tì í pa, kẹ́ ẹ tó yí i. Mo ti rí bóòtù tí wọ́n fi agbára yí lábẹ́ ẹrù tí ojú rẹ̀ sì jẹ tán. Ìyẹn ti di iṣẹ́ mìíràn.

N kò fi gbogbo gíga náà sí apá ọ̀tún. Bí a bá gbé ọ̀tún nìkan, imú ọkọ̀ á ga ju bó ṣe wà lọ, apá irin òkè á sún mọ́ rọ́bà ìdádúró rẹ̀, ọkọ̀ á sì máa ta lójú gálọ́ọ̀pù. Mo gbé ọ̀tún èyí tó pọ̀, mo sọ òsì kalẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn ìyípo kọ̀ọ̀kan, a sọ ọkọ̀ kalẹ̀, a wà á síwájú sẹ́yìn, a wọ̀n ọ́n. Ó gba sùúrù ju agbára lọ.

Ìwọ̀n ìkẹyìn:

Iwájú òsì 45.4, iwájú ọ̀tún 45.2.
Ẹ̀yìn òsì 50.2, ẹ̀yìn ọ̀tún 50.1.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fi bíléèdì kún ọ̀tún, ohun tó ì bá ṣẹlẹ̀ rèé. Bọ́dì ì bá tẹ́jú lóòótọ́, owó mẹkáníìkì ì bá sì wọlé. Àmọ́ ẹ̀yìn ọ̀tún tó ń ti bọ́dì sókè, iwájú òsì ló máa dà ẹrù lé, iwájú ọ̀tún ì bá sì máa fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Nínú òjò, lórí ọ̀nà Ìṣẹ́yìn, bí dírẹ́bà bá tẹ búréèkì lójijì, táyà tí kò rí ẹrù gbé ló máa kọ́kọ́ yọ̀. Ti táyà àlòkù yẹn kò tiẹ̀ tọ́ sí ìdáhùn.

Àwọn tó kù

A gbé e lọ fún alignment, títún ibi tí táyà kọjú sí ṣe, lọ́jọ́ kejì. Ó di dandan, torí bí gíga iwájú bá ti yí padà, táyà á kọjú síra tàbí kí wọ́n kẹ̀yìn síra, a ó sì máa ra táyà léraléra. Ẹni tó ṣe é rí i pé táyà ọ̀tún ti yẹ̀, ó tún un ṣe. Iná iwájú náà, a tún ibi tó ń tàn sí ṣe.

Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ èyí tó ní ọ̀pá tó so áàsù ẹ̀yìn mọ́ fáàfù búréèkì, ẹ wò ó. Ẹ̀yìn tó bá ti ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, fáàfù yẹn á rò pé ọkọ̀ ṣófo, á sì dín búréèkì ẹ̀yìn kù nígbà tí èrò kún inú rẹ̀.

Yúbóòtù tuntun máa ń na, bíléèdì tuntun náà sì máa ń jókòó mọ́ra. Mo tún wọn dè lẹ́yìn nǹkan bí 500 kìlómítà, ti òsì sì gba díẹ̀ sí i kó tó le. Pẹ̀lú èrò tó kún fọ́fọ́, apá òsì fi 0.4 rẹlẹ̀. Mo gba ìyẹn bẹ́ẹ̀, a kò gbọdọ̀ torí rẹ̀ yí nǹkan kan.

Ohun tó ṣẹ́ kù ni ọ̀pá ọ̀tún yẹn. Mo fi ọ̀dà funfun sàmì sí bóòtù rẹ̀, mo sì kọ ìwọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sẹ́yìn ìwé ọkọ̀ kí dírẹ́bà lè máa wọ̀n ọ́n nígbà tó bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì. Bí ìwọ̀n ọ̀tún bá tún sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí àmì ọ̀dà ṣì wà lójú kan náà, a ò ní yí bóòtù mọ́, a máa pààrọ̀ ọ̀pá méjèèjì pọ̀ ni. Ẹni tó bá máa rà á, kó wo lẹ́tà tó wà lórí rẹ̀ dáadáa, L fún òsì, R fún ọ̀tún, torí ibi tí wọ́n ti lọ́ ọ sí láti ilé iṣẹ́ kò jọra.